Ọdún kan ààbọ̀ tí mo ti ń lo péènì abẹ́rẹ́ ìdàgbà fún ọmọ mi

Ẹ̀yin òbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ péènì somatropin, họ́móònù ìdàgbà tí à ń gún lálaalẹ́, fún ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa ní London níbí.

Ọmọ ọdún méje ni Àkànní nígbà yẹn, ẹni tó bá rí i á rò pé kò ju mẹ́rin lọ. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní bí bàbá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, pé á ga tó bá yá. Ọdún méjì ni mo fi dúró, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán X-ray ọwọ́ òsì rẹ̀, egungun ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ní kó má jẹun láti alẹ́, wọ́n gún un ní glucagon, oògùn tí wọ́n fi ń dán an wò bóyá ara ń pèsè họ́móònù ìdàgbà, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra títí ọmọ fi ń bì. Ohun kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ni kò pèsè họ́móònù ìdàgbà tó.

Péènì yìí dára púpọ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Màá yí ìdí rẹ̀ dé 0.6, á máa ró kẹ́, kẹ́, kẹ́, Àkànní á máa bá mi kà á. Itan ọ̀tún lónìí, tòsì lọ́la, ìdí lọ́tùúnla, kí ojú kan má baà wú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá kí n tó yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń kánjú yọ ọ́, oògùn olówó iyebíye ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì.

Òtútù ló le níbẹ̀. Àárín díígírì 2 sí 8 ni tiwa gbọ́dọ̀ wà, tó bá sì dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. A lọ sí Ìbàdàn ní Kérésìmesì, wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ kọ̀. Mo fi aṣọ ìnura wé e kí yìnyín inú kúlà má baà kàn án, mo ń jí láago méjì òru láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń gbé e wá sílé ní London náà pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òru mẹ́ta ló lọ láìgún. Ní báyìí, tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó tán ni mo ti ń pè wọ́n.

Láti 2023, NICE, àjọ tó ń sọ oògùn tí NHS máa lò ní England, ti fọwọ́ sí somatrogon, irú họ́móònù ìdàgbà mìíràn tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọmọ ọdún mẹ́ta sókè. Mo ń rò ó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn gíga tí wọ́n ń gbé mì: inú ló máa da họ́móònù yìí bí ẹran. Bí orí bá sì ń fọ́ ọmọ tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tó ń tiro, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ló fi ń ga lọ́dún tẹ́lẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tó lo péènì, mẹ́sàn-án ni mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ara férémù ilẹ̀kùn. Ṣòkòtò ilé-ìwé tí a rà ní oṣù Kẹsàn-án ti fò kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ṣòkòtò máa kéré fún un kó tó gbó.