Ọgọ́ta femtosecond tó fẹ́ ya mí ní wèrè: àgbéyẹ̀wò sọ́fíwià ìṣirò pulse lésà

Òǹkà 60 ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Pulse (ìmọ́lẹ̀ lésà tó tàn fírí) 30 femtosecond, ìgùn ìgbì 800 nanometer, kọjá nínú fused silica, irú gíláàsì kan, tó nípọn milimítà 10; femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Sọ́fíwià yìí ní pulse náà fi 60 femtosecond péré rẹ̀yìn sí ìgbì inú ara rẹ̀. Irọ́ ni. Ní 800 nanometer, refractive index gíláàsì yẹn (bó ṣe ń dín iyára ìgbì kù tó) jẹ́ 1.4533, group index rẹ̀ (bó ṣe ń dín iyára odidi pulse kù tó) sì jẹ́ 1.4671. Ẹ sọ ìyàtọ̀ méjèèjì di púpọ̀ ní ìlọ́po milimítà 10, kí ẹ fi iyára ìmọ́lẹ̀ pín in: 460 lẹ máa bá. Fóònù lásán tó o ṣírò.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ wọn. Èsì àkọ́kọ́: "Ẹ fi kún àmì àkókò." Ìyẹn iye ibi tí sọ́fíwià ti ń ṣírò lórí ìlà àkókò. Mo gbé e láti 512 sí 1024: 60. Mo gbé e dé 2048: 60 náà ni. Èsì kejì: "Ẹ lo ẹ̀dà tuntun." 60. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fi ojú ìwé ìlànà tí èmi fúnra mi tọ́ka sí nínú ímeèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ padà sí mi! Àmì tó pọ̀ sí i kàn ń gé fèrèsé àkókò (gbogbo àkókò tí sọ́fíwià ń wò) wẹ́wẹ́ ni, kò fẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí, ó yẹ kó mọ̀yẹn.

Ọjọ́ kẹfà ni ọ̀rọ̀ náà tó dé ọwọ́ ẹnjiníà wọn kan, obìnrin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni fèrèsé àkókò yín ṣe fẹ̀ tó?" 400 femtosecond. "Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 460."

Ó ku 60.

FFT, ìṣirò tó ń tú pulse sí onírúurú ìgbì inú rẹ̀, ka òpin fèrèsé sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n rán etí aṣọ méjì pọ̀. Pulse ti bá ọ̀tún jáde, ó sì ti gba òsì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n kọ "retarded time" sí lára (aago tó yẹ kó máa bá pulse rìn), phase velocity, iyára ìgbì inú pulse, ló ń bá rìn. Ẹnjiníà náà fi ibi tí a ti ń yí i sí group velocity, iyára odidi pulse, hàn mí, lábẹ́ àtòkọ kẹta. Bí mo ṣe yí i báyìí, orí pulse dúró sórí 0, ó sì fẹ̀ dé 45 femtosecond, bó ṣe yẹ kí gíláàsì tó ní 36 fs² ní milimítà kan (òǹkà bó ṣe ń na pulse tó) ṣe é. Obìnrin yìí gbọ́ṣẹ́ o.

Ká má parọ́, sọ́fíwià náà yára. Lẹ́ńsì tó rí bákan náà yípo bí ẹnu ìkòkò, kí la fẹ́ fi x àti y ṣe? Àmì 512 lọ́nà mẹ́ta á jẹ gigabyte 2. Rédíọ̀sì àti àkókò nìkan, nǹkan bíi megabyte 4. Hankel, ìṣirò bíi FFT fún ohun tó rí roboto, ló ń ṣe ìyókù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún 256 tí wọ́n fi ṣe iye àmì rédíọ̀sì láti ilé. Àwọn àmì yẹn wà níbi tí Bessel J0 (ìgbì roboto tí Hankel ń lò) ti jẹ́ òdo, kò sí ìkankan ní àárín gan-an. Bí rédíọ̀sì gbogbo àyè ìṣirò bá jẹ́ milimítà 10, àmì àkọ́kọ́ bọ́ sí 30 micrometer. Ìmọ́lẹ̀ mi tó ní rédíọ̀sì milimítà 3 gba inú lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ní milimítà 200 kọjá, rédíọ̀sì rẹ̀ sì sún kì dé 17 micrometer. Inú ihò ni ojú iná bọ́ sí! Ohun tí àmì àkọ́kọ́ rí kò ju 0.2% ìmọ́lẹ̀ àárín lọ, àwòrán sì jọ̀lọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ìkìlọ̀ kankan ò yọjú. Ẹ lo 2048: àmì àkọ́kọ́ á wá sí 3.7 micrometer, àlàfo àárín wọn á sì kéré ju 8 micrometer tí phase lẹ́ńsì (bó ṣe ń dá ìgbì dúró síra) ń bèèrè létí.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé etí á tún ta padà bíi bọ́ọ̀lù tó gbá ògiri. Ohun tó ń fà á mu wà níbẹ̀, pípa ni wọ́n pa á. Lẹ́ńsì tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kò rí bákan náà yípo mọ́, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san owó láísẹ́ǹsì ọdún tó ń bọ̀.