Kọ́ọ̀sì nípa bí ọsibítù ṣe ń ṣiṣẹ́ fáwọn rẹ́sídẹ́ǹtì: ó dáa o, àmọ́...

Ẹ̀yin dókítà tẹ́ẹ ṣì ń ṣe rẹ́sídẹ́ńsì (ìyẹn tẹ́ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn àkànṣe lọ́sibítù), kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí ò burú rárá. Kì í ṣe àìsàn ni wọ́n fi ń kọ́ni, bí ètò ìlera fúnra ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, ohun tí ACGME, àjọ tó ń bójú tó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà, ti kà mọ́ nǹkan mẹ́fà tí rẹ́sídẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ̀ láti 1999.

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni bá a ṣe ń fa aláìsàn lé ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ṣàlàyé I-PASS, ìyẹn ìgbésẹ̀ márùn-ún tá a lè tẹ̀ lé tá a bá ń fa aláìsàn léni lọ́wọ́, yékéyéké: bí àìsàn ṣe le tó, ọ̀rọ̀ aláìsàn ní ṣókí, iṣẹ́ tó kù, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóru àti ohun tá a máa ṣe sí i, lẹ́yìn náà kí ẹni tó ń gbà á tún un sọ padà (ibi tá a máa ń fò gan-an nìyẹn!). Ọsibítù mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dán an wò, èsì tó jáde ní 2014 sì fi hàn pé àṣìṣe fi 23% dín kù.

PDSA (ìyẹn kéèyàn wéwèé, kó ṣe é, kó yẹ èsì ẹ̀ wò, kó sì ṣàtúnṣe) náà wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ dán àyípadà wò lára aláìsàn díẹ̀ ná kó tó kan gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ti owó àti ínṣọ́ránsì ló sú mi, olùkọ́ kàn ń ka sláìdì ṣáá, kò sí àpẹẹrẹ kankan. Wọ́n tún ní ká ṣe prójẹ́ẹ̀tì láì fún wa láyè, àbí lẹ́yìn kọ́ọ̀lù (iṣẹ́ àṣemọ́jú) la fẹ́ ṣe é ni?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.