Kámẹ́rà tó ń wo ooru ẹ̀yìn ní Ìlọrin: ẹ kọ́kọ́ wo fáànù wọn

Fáànù ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Ahunṣọ òkè ni mí. Ọdún 26 ni mo ti ń jókòó sídìí òfì, ẹ̀yìn mi sì ti gbà á sára: ìrora a máa ti ìdí ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n júwe ilé ìtọ́jú kan fún mi ní Táńkè, níbi tí wọ́n ti ń fi yìnyín tọ́jú ẹ̀yìn, tí kámẹ́rà sì ń wo bí ooru ara ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Mo sanwó, mo bọ́ ẹ̀wù. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ọmọkùnrin ibẹ̀ fi gbé yìnyín lé mi. Fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ sí mi lápá òsì. Mo ní, "Ọmọ mi, fáànù yìí ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá, kò ṣe nǹkan kan." Ó ya àwòrán: òsì tí fáànù ń fẹ́ sí tutù, ó rí bí ẹ̀tù; ọ̀tún gbóná, ó pọ́n bí àlàárì. Ó ní òsì ni àrùn wà. Òsì tí kò dùn mí rí! Mo figbe ta, mo ń wá fìlà mi.

Igbe yẹn ni ọ̀gá wọn gbọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, "Ẹ má bínú, sà." Ó pa fáànù. Ó bi mí bóyá mo fi róòbù para láàárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n padà wá lọ́la láìpara. Inú tún bí mi, àmọ́ mo lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú 15 ni mo fi jókòó láìwẹ̀wù kí ara mi lè bá yàrá mu. Ó yà á: 33 dígírì lọ́tùn-ún lósì. Ó fi táwẹ̀lì wé yìnyín, ó gbé e lé mi fún ìṣẹ́jú 15. Ó wálẹ̀ sí 18. Ó wá ń yà á léraléra bí ara ṣe ń móoru. Nígbà tí òsì fi padà dé 30, ọ̀tún ṣì wà ní 27. Èmi náà fojú mi rí i.

Ó ní, "Bàbá, awọ ara nìkan ni kámẹ́rà yìí ń rí. Kò rí eegun, kò rí dísìkì tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn. Ẹ lọ ṣe MRI, àwòrán tó ń rí inú ara." Ọlọ́jà tó sọ ibi tí ọjà rẹ̀ mọ! Ara mi wálẹ̀ wọ̀ọ̀. MRI fi hàn pé dísìkì ló ń tẹ iṣan ìmọ̀lára (nerve) lápá ọ̀tún lóòótọ́. Yìnyín náà ń tù mí, bíi wákàtí méjì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Wọ́n gbowó ọjọ́ kejì lọ́wọ́ mi, ọmọkùnrin yẹn ò sì tíì bẹ̀ mí títí di òní.