Ilé tí wọ́n ti yìnbọn pa Kennedy: ẹ gòkè, ẹ má kàn ya fọ́tò ìta

Bí ẹ bá dé Dallas, ẹ má kàn ya fọ́tò ilé bíríkì alájà méje yẹn láti ìta kí ẹ máa lọ. Ẹ sanwó, ẹ gòkè. Àjà kẹfà, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ilé ẹ̀kọ́ sí nígbà náà, ni wọ́n ti yìnbọn lu Ààrẹ Amẹ́ríkà, John F. Kennedy, ní November 22, 1963. Láti 1989 ló ti di The Sixth Floor Museum.

Wọ́n fi gíláàsì ká igun tí fèrèsé tí wọ́n ti yìnbọn wà, wọ́n sì to páálí ìwé síbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ náà. Ẹ wo Elm Street, títì tí ọkọ̀ Kennedy ń gbà kọjá nígbà náà, nísàlẹ̀ láti òkè yẹn: ó sún mọ́ ju bí fọ́tò ṣe ń fi hàn lọ. Àyà mi já.

Abraham Zapruder tó fi kámẹ́rà ká ìṣẹ̀lẹ̀ náà sí fíìmù, oníṣòwò aṣọ ni, kì í ṣe oníròyìn. Mary Moorman, òǹwòran kan tó ya fọ́tò lọ́jọ́ náà, Polaroid, kámẹ́rà tó ń tẹ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, ló fi ya tiẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fojú di fóònù yín. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ya ilé náà, pupa bíríkì náà á yọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ sójú títì nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ ṣì ń kọjá níbẹ̀.