Díráífù mẹ́rin tí mo fi ń tọ́jú orin nílé: àgbéyẹ̀wò mi

Ilé ni mo ti ń gba orin sílẹ̀ n'Íbàdàn: ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, onídùndún, akéwì tó ń múra rédíò. Máíkì àti sípíkà ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí léèrè. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnìkan béèrè ibi tí ohùn náà ń gbé lẹ́yìn tí olórin bá ti lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń ṣègbé. Ohun tí mo ń lò rèé: SSD (díráífù tí kò ní ohun tó ń yí nínú) kékeré fún Windows àti Reaper, ètò tí mo fi ń gba orin sílẹ̀, Samsung 870 EVO 1TB fún orin tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, háàdì dísìkì Seagate IronWolf 4TB fún iṣẹ́ tó ti parí, àti SSD alágbèéká Samsung T7 kan tí kì í sùn nínú ilé yìí.

Ọ̀rọ̀ ìyára ni àwọn ọlọ́jà fi ń dẹ́rù bani jù. Tíráàkì kan, ìyẹn ohùn máíkì kan, tí a gbà ní 24-bit, 48kHz, kìlóbáìtì 144 péré ló ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ to máíkì mẹ́jọ síwájú ìyáàlù, kẹríkẹrì, gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò tó 1.2MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí kan kò sì ju bíi 4.1GB lọ. Háàdì dísìkì àtijọ́ pàápàá á gbé e. Ìgbà tí ẹ bá jókòó láti ṣe mix, kẹ́ ẹ po gbogbo ohùn náà pọ̀, ni wàhálà dé. Tíráàkì ogójì ń ké pe dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà, orí tó ń ka nǹkan á wá máa sáré kiri bí abẹ́rẹ́ giramafóònù tí wọ́n ní kó kọ orin ogójì pa pọ̀. 870 EVO kò ní orí kankan tó ń sáré, kò sì dún. Ẹni tó bá ti gbé kọ̀ǹpútà sínú yàrá kan náà pẹ̀lú máíkì condenser, tí etí rẹ̀ mú gan-an, á mọ bí ìyẹn ṣe ṣe pàtàkì tó, torí háàdì dísìkì tó ń yí nígbà 7200 láàárín ìṣẹ́jú kan máa ń kùn, máíkì yẹn á sì gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn akéwì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bẹ̀rù pé SSD á gbó. Òótọ́ ni, ó ń gbó, àmọ́ ẹ wo iye náà. Kíkọ 600TB sórí rẹ̀ ni Samsung ṣe gárántì fún lórí 870 EVO 1TB, tàbí ọdún 5, èyí tó bá ṣáájú. Ká ní tíráàkì 24 lẹ ń gbà pa pọ̀, 12.4GB ni wákàtí kan. Ẹ ó gba orin tọ̀sán-tòru fún ohun tó ju ọdún márùn-ún lọ kí 600TB tó pé. Ohun tó máa ń fa SSD sẹ́yìn ni kí ẹ kún un dẹ́nu. Mo máa ń fi bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ lófìfo.

IronWolf kò yára tó SSD, mi ò sì ra á fún ìyára. SSD tí a bá gbé jù sínú dúrọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìfún un ní iná lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀, ooru sì máa ń mú un yá. Dísìkì tó ń yí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé fún àkójọ. Mo yan IronWolf torí pé CMR ni, irú dísìkì tó ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. SMR máa ń kọ ìlà kan gun èkejì díẹ̀, tó bá fẹ́ yí ìlà kan padà, ó di dandan kó tún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ, ibẹ̀ ló ti ń falẹ̀. Ẹ wò ó lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní 2020, ilé iṣẹ́ Western Digital (WD) fúnra wọn gbà pé àwọn kan lára háàdì dísìkì WD Red jẹ́ SMR tí wọn ò sì sọ fún oníbàárà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pe oní-CMR ní Red Plus.

RAID, ìyẹn síso díráífù pọ̀ kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, ńkọ́? Ẹ sá fún RAID 0: ó ń pín fáìlì kan sórí díráífù méjì, bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. RAID 1 ń kọ nǹkan kan náà sí méjèèjì, ó sì wúlò bí díráífù kan bá kú, àmọ́ fóódà tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ ti pa rẹ́ níbi méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Mi ò lò ó.

Ọ̀rọ̀ iná ló ká mi lára jù. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, iná lọ. Ohùn ti wà lórí díráífù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì WAV, níbi tí wọ́n ń kọ gígùn ohùn sí, lè má tíì pé, ètò míì á sì ní òfìfo ni. Bí ọ̀nà tí díráífù fi ń to fáìlì bá tún jẹ́ exFAT, tí kì í kọ àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, fóódà odindi lè dàrú. exFAT ni T7 máa ń bá wá láti ilé iṣẹ́. Mo sọ tèmi di NTFS, tó ń kọ àkọsílẹ̀ yẹn, torí Windows nìkan ni mò ń lò. Ẹ sì ra UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń fúnni tó láti tẹ stop, kẹ́ ẹ séfù, kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà.

Nípa ọjà rírà: ẹnìkan fẹ́ ta háàdì dísìkì fún mi, ọ̀rá tuntun wà lára rẹ̀. Mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi níwájú rẹ̀, mo ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ìlera díráífù hàn, Power On Hours, ìyẹn wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, ti kọjá 20,000. Mo dá a padà fún un. Ẹ wo ìlà yẹn, ẹ wo Reallocated Sectors Count náà, ìyẹn iye ibi tó ti bàjẹ́ tí díráífù ti fi òmíràn rọ́pò. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fún díráífù USB olówó pọ́ọ́kú tó ní òun gba 16TB, ètò H2testw á kún un dé òpin, á tún kà á padà, àṣírí á sì tú.

T7 ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo, ó ń padà wá gba iṣẹ́ tuntun, ó tún lọ. 1,050MB/s ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ihò USB 5Gbps tèmi kò lè fún un ju bíi 400 lọ, ìyẹn sì ti tó. Ó fúyẹ́, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ tí kòtò ojú ọ̀nà á bà jẹ́. Wáyà rẹ̀ ti kúrú jù fún kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bí owó ò bá tó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ mú 870 EVO 500GB fún iṣẹ́ àti háàdì dísìkì CMR kan fún ẹ̀dà, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà tán. Máíkì tuntun lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.