Paracetamol, Ibuprofen tàbí Alabukun: èwo lẹ fẹ́ rà?

Bí ẹ bá dé kẹ́mísì tí ẹ kàn ní kí wọ́n fún yín ní oògùn ara ríro, èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ olùtajà jù ni yóò gbé fún yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi orúkọ gàdàgbà ojú páálí sílẹ̀, kí ẹ wo lẹ́tà wínníwínní abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ gan-an sí.

Ẹ wo Panadol àti Emzor Paracetamol. Paracetamol mílígíráàmù 500 ló wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì, n kò sì rí ìdí tí ẹ ó fi san owó orúkọ. Panadol Extra ló yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n fi káfíìnì mílígíráàmù 65 kún un. Ó dáa fún ẹ̀fọ́rí ọ̀sán, àmọ́ bí ẹ bá lò ó lálẹ́, oorun lè dá lójú yín.

Fún ẹ̀fọ́rí àti ara gbígbóná, paracetamol ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kì í sábà da inú láàmú, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè lò ó, aláboyún náà lè lò ó níwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn o, paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Eyín dídùn, ẹsẹ̀ tó rọ́ tó sì wú, inú rírun nǹkan oṣù: ibuprofen ló mọ iṣẹ́ yẹn jù, torí ó ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó. Bí kì í bá ṣe dókítà ló kọ ọ́, mílígíráàmù 1200 lóòjọ́ ni òpin. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún, kó yà fún un. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, kó bèèrè ná. Diclofenac jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àmọ́ ó léwu fún ọkàn jù ú lọ. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ó wá ku Alabukun. Ọdún 1918 ni Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é l'Ábẹ́òkúta, àwọn kan sì gbà pé àgbo ìbílẹ̀ ni. Rárá o, aspirin àti káfíìnì ni. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n aspirin lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá yà fún ibuprofen nítorí ọgbẹ́ inú tó wá ń pọ́n Alabukun lá, kò tíì yà fún nǹkan kan. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Bí ẹ bá ti mú èyí tó bá yín mu, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti fi sísọ́ọ̀sì gé ọjọ́ yẹn kúrò lára káàdì, ẹ ní kí wọ́n mú odidi káàdì wá.