Kọ́pì àwòrán Pompadour tí mo rà: aṣọ Tọ́kì hàn dáadáa, ojú ẹni tó gbé kọfí ò hàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Pépà ẹ̀ nípọn, wọ́n ká a sínú páálí roboto, etí ẹ̀ ò ká kò sì ya, ó tún tètè dé. "Une sultane prenant le café" ni mo rà, ìyẹn sultana (ìyàwó sultan, ọba Tọ́kì) tó ń mu kọfí, Carle Van Loo, ayàwòrán ará Faransé, ló yà á, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn àwọn àwòrán ayé àtijọ́ nílẹ̀ Faransé tí àwọn obìnrin ńláńlá ti ń múra bí ará Tọ́kì.

Madame de Pompadour ni wọ́n yà bíi sultana yẹn, àlè Ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún ti Faransé. Ilé obìnrin yìí ní Bellevue, lẹ́bàá Paris, ni Van Loo ṣe é fún, yàrá tó ń sùn tí wọ́n ṣe bíi ti Tọ́kì, òkè ilẹ̀kùn ni wọ́n sì gbé e sí. Nígbà yẹn ọba ò bá a sùn mọ́, ọ̀rẹ́ ló kù láàárín wọn, tí obìnrin bá wá múra bí ìyàwó sultan nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ fún gbogbo ààfin ni pé ẹ wò mí dáadáa, èmi ṣì ni ààyò. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Van Loo ò dé Tọ́kì rí o! Ìwé àwòrán tí Ferriol, aṣojú ọba Faransé ní Istanbul tẹ́lẹ̀, gbé jáde ní 1714 ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán Paris máa ń wò, ọgọ́rùn-ún àwòrán ló wà nínú ẹ̀, Vanmour, ayàwòrán tó gbé Istanbul títí tó fi kú, ló yà wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí wọ́n ṣe ń wé láwàní àti bí káfútáànì ṣe ń balẹ̀.

Ó wá ku ibi tó bí mi nínú. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, Pompadour mọ́lẹ̀ kedere, ìkòkò tábà ọlọ́rùn gígùn ọwọ́ ẹ̀ hàn, kọ́ọ̀pù hàn. Ṣùgbọ́n obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gbé kọfí wá fún un, dúdú biribiri ni ojú ẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo tan iná fóònù sí i, kò sí imú, kò sí ẹnu, bí ẹni da yíǹkì sí i lójú ló rí. Mo wá lọ wo fọ́tò àwòrán gangan tó wà ní Hermitage, ilé ìkó-àwòrán-sí ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, ojú obìnrin yìí wà níbẹ̀ pérépéré, ìmọ́lẹ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á, wọ́n ní bí àwòrán àtijọ́ ṣe máa ń ṣókùnkùn nìyẹn. Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ kí awọ obìnrin funfun máa dán ni, wọn ò wo ohun tí ìyẹn ṣe fún ẹnì kejì ẹ̀.

Ó dùn mí gan-an. Nínú irú àwòrán yìí, wọ́n ka ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú mọ́ ara ìmúra ni, bí wọ́n ṣe ka bẹ́líìtì àti ìlẹ̀kẹ̀. Nattier, ayàwòrán Faransé mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1733 nígbà tó ya Mademoiselle de Clermont bíi sultana níbi ìwẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ló yí i ká. Àkọlé àwòrán Van Loo pàápàá dárúkọ sultana, ó dárúkọ kọfí, kò dárúkọ ẹni tó gbé e wá. Síbẹ̀ Van Loo fara balẹ̀ ya ojú ẹ̀, ó wá di ayé ìsinsìnyí kí ẹni tó ń tẹ kọ́pì tó pa á rẹ́.

Sítáà méjì ni mo fún wọn, pépà àti délífárì ló gbà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ibi tó dúdú jù ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Mo ti dá tèmi padà, mo ń retí owó mi. Tí wọ́n bá tún fáìlì yẹn ṣe màá tún un rà, ìṣó tí mo ti kàn sókè ilẹ̀kùn yàrá mi ṣì wà níbẹ̀, kí n lè máa gbójú sókè wò ó bí wọ́n ṣe ń wò ó ní Bellevue.